Giri: aago lẹ kọ́kọ́ máa wò, kì í ṣe ṣíbí

Bí giri bá gbé ọmọ, ṣíbí ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń sáré wá. Ẹ wo aago. Giri tí ibà fà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 5 tó pé. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ lọ mọ́, bó bá sì ṣe ń pẹ́ tó ni agbára oògùn lórí rẹ̀ ń dín kù.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ì báà ṣe àdín tàbí Paracetamol olómi. Àgbo ìtọ̀ màlúù burú jù: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró. (Ti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ọmọ síná kò tiẹ̀ yẹ lóhun tí à ń jiyàn lé lórí.) Bí ìṣẹ́jú 5 bá pé, ilé ìwòsàn yá.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí ẹ kò bá tètè rí iṣan, ẹ fi Diazepam, oògùn tó ń dá giri dúró, sí i nídìí: 0.5 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. 10 mg ló wà nínú ìgò 2 ml, nítorí náà 1 ml ni ti ọmọ kílò 10. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sìríǹjì, ẹ tún un wò pé ẹ ti yọ ọ́, ẹ ti ẹnu sìríǹjì náà wọ ìdí bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, ẹ tú oògùn sílẹ̀, kí ẹ wá fún ìdí ọmọ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: wọ́n á tètè fi ìdí sílẹ̀, oògùn á ṣàn jáde, wọ́n á ní Diazepam kò ṣiṣẹ́. Ẹ má gún un sítan o. Kì í tètè wọ ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀.

Bí iṣan bá wà, 0.25 mg fún kílò kan ti tó, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì máa tì í. Bí ẹ bá yára, ọmọ lè dákẹ́ mímí, nítorí náà kí báàgì tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn wà nítòsí.

Ẹ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá lọ sílẹ̀, omi ṣúgà 10% (Dextrose) sínú iṣan, 5 ml fún kílò kan.

Bí giri kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ tún Diazepam fún un lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, Phenobarbital tàbí Phenytoin, àwọn oògùn giri mìíràn, ló kàn, 20 mg fún kílò kan. Omi iyọ̀ ni kí ẹ fi po Phenytoin. Ó máa ń dì nínú omi ṣúgà.

Bí ẹ bá ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹ kọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago tí ẹ fún un sínú lẹ́tà. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ Diazepam láti ìbẹ̀rẹ̀.