Àbọ̀ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kan tí mo gé ránṣẹ́

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí àpilẹ̀kọ gígùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Erédò Sùngbọ́, odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá wa fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, tó sì jẹ́ pé láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Inú mi dùn débi pé n kò kà á tán. Mo ṣe àdàkọ ìpínrọ̀ kan, èyí tó ní Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí wọ́n sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò, tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì Ọba, mo sì fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwa ọmọ ìlú ní Ìjẹ̀bú-Òde, láìsí líǹkì, láìsí orúkọ òǹkọ̀wé.

Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ni n kò kà. Níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ṣàlàyé pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, pé ó ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún tí Sólómọ́nì jọba, àti pé ìgbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn sọ pé wọ́n gbẹ́ Erédò kò jìnnà tó ìdajì ìyẹn.

Bàbá kan láàárín wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, wọ́n sì sọ ọ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyí tó ń kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí i. Bàbá pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, “Ọmọ mi, nígbà tí o fi í ránṣẹ́, mo gbà pé o ti kà á tán.” “Ẹ má bínú, sà” nìkan ni mo rí sọ. Òru méjì ni mo fi wá àpilẹ̀kọ náà kiri, nítorí n kò tọ́jú líǹkì rẹ̀.

Láti ìgbà náà, n kì í yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lò kí n tó ka gbogbo rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá kọ “àwọn kan gbà pé”, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé “àwọn kan” yẹn kúrò, torí òun ló ń sọ fún òǹkàwé pé èrò ẹlòmíràn ni. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n àbọ̀ tí a gé lára ìwé ẹlòmíràn kò lè di odindi nínú ẹni tí kò mọ̀ pé ó kù. Ẹ fi àmì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká kó má bàa dà pọ̀ mọ́ tiyín, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó kọ ọ́ àti líǹkì.

Líǹkì lásán náà kò tó. Dátà àwọn àgbà wa kì í pọ̀, nítorí náà ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Ẹ má sì da gbogbo àpilẹ̀kọ síbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ẹni kan ni. Òfin ọdún 2022 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà gbà wá láàyè láti yọ díẹ̀ lò láti fi ṣe lámèyítọ́, ká sì dárúkọ oníṣẹ́.

Nígbà tí mo rí líǹkì náà, orí WhatsApp kan náà ni mo fi í sí, pẹ̀lú ìpínrọ̀ méjèèjì, mo sì kọ ọ́ pé èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kù. Bàbá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àwọn, kí àwọn lè fi lé ọmọ-ọmọ àwọn lọ́wọ́.