Ògiri gúúsù ilé oko kan ní Cotswolds, nílẹ̀ England: sìmẹ́ǹtì jáde, láìmù wọlé

Ọ̀sẹ̀ 1. Ògiri náà nípọn tó 55 sẹ̀ǹtímítà. Ìpele òkúta méjì ni, ọ̀kan kọjú síta, èkejì kọjú sínú ilé. Àfọ́kù òkúta ni wọ́n fi dí àárín wọn. Láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun, ni wọ́n fi mọ ọ́n ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, omi tó bá wọ ògiri a sì máa gba ojú láìmù gbẹ jáde. Àtúnṣe ìgbà kan ló ba èyí jẹ́: sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí gbogbo àlàfo àárín òkúta. Sìmẹ́ǹtì le ju òkúta yìí lọ. Omi ò rí ọ̀nà mọ́, inú òkúta ló kù tó ń gbà. Tó bá di yìnyín nígbà òtútù, á fẹ̀, ojú òkúta á sì máa ṣí bí èèpo igi. Òkúta 14 ló ti jẹ wọnú, sìmẹ́ǹtì sì yọrí yí wọn ká.

Ilé yìí wà nínú àkójọ ilé àjogúnbá tí òfin ń dáàbò bò, nítorí náà ìwé ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ dé kí òòlù tó kan ògiri.

Ọ̀sẹ̀ 2. Òòlù àti ṣísẹ̀lì tín-ín-rín nìkan. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń gé òkúta súnmọ́ ọn: àwọn àlàfo ò tọ́ gbọọrọ, ẹ̀rọ á gé etí òkúta, etí tó bá sì lọ ò ní padà. Àlàfo tó fẹ̀ ní mìlímítà 15, ẹ gbẹ́ ẹ wọlé tó 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú.

Ọ̀sẹ̀ 3. Láìmù NHL 3.5 (irú láìmù tí omi ń mú le; 3.5 ń sọ bó ṣe lágbára tó) òṣùwọ̀n 1, yanrìn líle tí hóró rẹ̀ ò dọ́gba òṣùwọ̀n 2½. Omi díẹ̀ ni. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì bí ìṣù, kó má ṣàn. Ẹ rin ògiri nírọ̀lẹ́, ẹ tún un rin láàárọ̀, torí òkúta gbígbẹ á fa omi inú láìmù mu tán. Ihò tó bá jìn, ẹ kọ́kọ́ ki òkúta wẹ́wẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má fi irin dán ojú rẹ̀. Ìgbà tí èékánná bá ń fi àpá díẹ̀ sí i lára báyìí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gún un títí yanrìn á fi hàn.

Ọ̀sẹ̀ 4. Apá kan, bíi mítà méjì níbùú, funfun ó sì ń rún bí ìyẹ̀fun. Afẹ́fẹ́ ló ká aṣọ àpò tí a fi bò ó kúrò lára rẹ̀ lóru, ó gbẹ kó tó le. A gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, a tún un ṣe; aṣọ àpò tútù wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ 7, omi fífín nígbà mẹ́ta lójúmọ́.

Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ. Tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ 5°C, láìmù ò ní le dáadáa, yìnyín á sì fọ́ èyí tó ṣì rọ̀. Apá òkè fèrèsé dọwọ́ oṣù kẹrin.