Àyẹ̀wò ọdún mi, 2024: ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀?

Lọ́dọọdún, tó bá ti ku ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ọdún parí, mo máa ń jókòó ti ife tíì kan, màá ṣírò ohun tí ọdún náà gbà lọ́wọ́ mi àti ohun tó fún mi. Ti ọdún yìí kò ṣòro láti bẹ̀rẹ̀. Mo gba ìwé ìwakọ̀ lẹ́yìn tí mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó àjọ lóṣù kẹrin, owó náà sì ti tán kí oṣù kẹjọ tó parí. Iṣẹ́ alẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ṣì wà níbẹ̀, ìbàdí sì ń ro mí. Ó tán. Ìyókù ọdún mi, júdò ni.

Èmi kọ́ ni mo ń ṣe é o. Àdùkẹ́ ọmọ mi ni, ọmọ ọdún méjìlá, tí mo bí sí London níbí, tó ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń gbọ́ rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni wá. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé ọmọ ń kọ́ ìjàkadì àwọn ará Japan, ẹ̀rín ló pa wọ́n. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà," ni wọ́n wí, "ṣé ó di dandan kí ẹ gba Japan kọjá kí ẹ tó délé ni?" Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kí mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú: "Ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀?"

Ìbéèrè náà bá júdò mu ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Bí o bá dá ẹni tí ẹ jọ ń jà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ gbàà, tagbáratagbára, ippon nìyẹn, ìjà parí lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbára yín mú ni. Bí ẹ̀yìn kò bá balẹ̀ tán, waza-ari ni. Méjì rẹ̀ ló ń di ippon. O tún lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, tàbí kí o fún un lọ́rùn títí yóò fi fọwọ́ gbá ẹní pé òun gbà. (Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fún ara wọn lọ́rùn. Mo béèrè kí n tó san owó.) Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Lóṣù kẹta, nínú gbọ̀ngàn kan tó tutù bíi yìnyín, ẹ̀yìn Àdùkẹ́ ló kanlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Ọmọ bú sẹ́kún, èyí tí ń mi èjìká. Mo fà á lọ sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Panu dé, àwọn èèyàn ń wò wá." Ó panu dé lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá dá a, yóò ká aṣọ júdò rẹ̀ sínú báàgì, yóò ní "Kò séwu, Mọ́mì." Mo rò pé mo ti kọ́ ọmọ ní ìwà àgbà. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Òlíńpíìkì wá dé Paris. Mo yọ nínú owó àjọ, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ti àárọ̀ nìkan, fún 28 oṣù keje. A wọ bọ́ọ̀sì òru. Champ de Mars Arena kò jìnnà sí ilé ìṣọ́ Eiffel, ṣùgbọ́n oorun ò jẹ́ kí n rí i dáadáa. Àwọn obìnrin oníkílò 52 àti àwọn ọkùnrin oníkílò 66 ló ń jà lọ́jọ́ náà. Uta Abe ará Japan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Hifumi, wà níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó gba góòlù lọ́jọ́ kan náà ní Tokyo, 25 oṣù keje 2021. Láti 2019 kò tíì sẹ́ni tó borí Uta. Ìjà rẹ̀ kejì, Diyora Keldiyorova ará Uzbekistan ló kò. Uta ti ní waza-ari kan lọ́wọ́. Ká tó pajú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ó tẹríba bó ṣe yẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá di mọ́ kóòṣì rẹ̀, ó sì figbe ta. Mo ti gbọ́ ẹkún òkú, mo ti gbọ́ ẹkún ìyàwó, n kò gbọ́ irú èyí rí. Ó pẹ́ gan-an. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é: "U-ta! U-ta!" Àdùkẹ́ kò wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ní kó panu dé." Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Keldiyorova gba góòlù, obìnrin àkọ́kọ́ láti Uzbekistan tó gba ti júdò ní Òlíńpíìkì, ó sì dùn mí pé ẹkún ẹlòmíràn ni mo fi ń rántí rẹ̀. Hifumi náà gba tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan bínú sí Uta pé ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì tọrọ àforíjì. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn. Ohùn mi ni mo ń gbọ́ níbẹ̀.

Ní 30 oṣù keje, Clarisse Agbegnenou, ọmọ àwọn ará Togo tí wọ́n bí sí Rennes, gba idẹ fún Faransé. Prisca Awiti Alcaraz gba fàdákà fún Mexico. London ni wọ́n bí i sí, Àdùkẹ́ kò sì jẹ́ ká gbádùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ní 3 oṣù kẹjọ, a wo àṣekágbá ẹgbẹ́ alákọpọ̀, Japan àti Faransé, nílé kí n tó lọ síṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú ìjà mẹ́rin ló ni góòlù. Japan ṣíwájú 3-1. Natsumi Tsunoda, oníkílò 48, ló borí Sarah-Léonie Cysique, oníkílò 57, mo sì fò sókè, torí èmi náà kúrú. Lẹ́yìn náà Joan-Benjamin Gaba borí Hifumi, Agbegnenou borí Miku Takaichi, ó di 3-3. Kọ̀ǹpútà ṣẹ́ gègé láti mú ìwọ̀n tí yóò tún jà, gègé sì mú àwọn ọkùnrin tó ju kílò 90 lọ: Teddy Riner, ọmọ Guadeloupe. Ó dá Tatsuru Saito, Faransé gba góòlù. Ẹnu àwọn èèyàn kò tíì kúrò lára gègé yẹn títí di òní.

Ó ya bàbá mi lẹ́nu pé tọkùnrin tobìnrin wà nínú ẹgbẹ́ kan. Mo sọ ìtàn Rusty Kanokogi fún wọn, obìnrin Brooklyn tó múra bí ọkùnrin lọ jà ní Utica ní 1959. Ó borí. Wọ́n ní ṣé obìnrin ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1980 òun ló ṣètò ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní New York. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fún un ní góòlù dípò èyí tí wọ́n gbà, ó sì kú lọ́dún náà. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Àádọ́ta ọdún," ni wọ́n wí.

Lóṣù kọkànlá, wọ́n tún dá Àdùkẹ́. A ti dé ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì kó tó bú sẹ́kún. Mo ṣí kóòtù mi, ó forí sínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá, n kò nawọ́ sí wọn. Àwọn èèyàn ń wò wá. Fóònù wá dún, ọjọ́ Àìkú kúkú ni.

"Ẹ̀yìn ta ló kanlẹ̀?"

"Ti Àdùkẹ́ ni, Bàbá. Ó ṣì ń sunkún."

"Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi kọ́ ọ?"

Mo ní n kò mọ̀. Ọmọ yọrí nínú kóòtù mi, ikun ń ṣàn, ó gba fóònù. "Òsì ni, Bàbá àgbà," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń ṣàlàyé, ó ń sunkún.