Bàálù Tí Ẹnu Rẹ̀ Wà Lábẹ́ Àgbọ̀n

Bí àwòrán bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọdún, tó sì jẹ́ irú èyí tí wọn ò ṣe jáde rí, tó parí sórí pépà, ìyẹ́ rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyẹ́ ló máa ń fa ojú mọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín 1950 sí 1957, iléeṣẹ́ tó ya ìyẹ́ onígun mẹ́ta pọ̀ lọ jàra. Ẹnu ni kí ẹ wò, ìyẹn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun ìjà tó gbé. Ìjọba ló ń sọ ohun tí bàálù gbọ́dọ̀ gbé, ìdí nìyẹn tí ohun ìjà fi máa ń tú àṣírí ìgbà tí wọ́n ya àwòrán náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n, ìyẹn nísàlẹ̀ imú bàálù, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ti iléeṣẹ́ Hawker ni, pé iṣẹ́ Sydney Camm, ọ̀gá àwọn tó ń ya bàálù níbẹ̀, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Kingston ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n SR.177 tí iléeṣẹ́ Saunders-Roe yà ní East Cowes náà ní ẹnu lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ihò méjì lẹ máa rí, ọ̀kan lórí èkejì, torí pé ẹ́ńjìnnì Gyron Junior àti rọ́kẹ́ẹ̀tì Spectre ló jọ ń tì í. Ẹ wá wo ìrù: ìyẹ́ kékeré tó dábùú rẹ̀ jókòó sórí góńgó pátápátá, bíi lẹ́tà T. Ti Hawker wà nísàlẹ̀. Bí ìyẹ́ kékeré náà bá sì wà níwájú dípò ẹ̀yìn, ẹ lọ wá Type 559 ti iléeṣẹ́ Vickers.

Ká ní Hawker ni lóòótọ́, iṣẹ́ kò tíì parí, torí pé bàálù Hawker méjì, P.1103 àti P.1121, jọra bí ìbejì. Ní 1955, ìjọba béèrè fún bàálù kan lábẹ́ nọ́ńbà F.155, èyí tí yóò máa lọ pàdé àwọn bàálù ajubọ́ǹbù Sófíẹ́ẹ̀tì lókè réré. Èèyàn méjì ni wọ́n ní kó gbé: ọ̀kan á wà á, èkejì á máa bójú tó rédà. P.1103 ni Hawker fi dáhùn. Wọn ò mú un. Camm kò gbà kó kú síbẹ̀ o. Ó sọ ọ́ di P.1121, owó iléeṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka ìjókòó. Ìyẹn nìkan kò tó ṣá, torí wọ́n padà ya P.1121 oníjòókòó méjì tó máa ju bọ́ǹbù. Mísáìlì ló máa yanjú rẹ̀. Bí ẹ bá rí méjì tó tóbi gan-an, Red Hebe tí wọ́n ń ṣe fún F.155 nìyẹn, P.1103 lẹ sì ń wò.

Ó ń dùn mí títí dòní, torí pé wọ́n ti ń to P.1121 jọ kí iṣẹ́ tó dúró ní 1958. Ìwé ètò ààbò tí mínísítà Duncan Sandys gbé jáde ní 1957 ti sọ pé mísáìlì ló máa gba ipò bàálù, ta ló tún fẹ́ ra bàálù ogun tuntun? Àwọn ègé rẹ̀ tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ RAF Museum, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà P tàn yín. Hawker ń lò ó, English Electric ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni Boulton Paul àti Saunders-Roe. P.111 kì í ṣe ti Hawker rárá, ti Boulton Paul ni.

Ní ti ajubọ́ǹbù, ikùn ni mo máa ń wọ̀n. Ní Kew tí wọ́n kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn fi kọ̀wé, orí ẹ̀dà ni mo sì ti máa ń fi rúlà ṣiṣẹ́. Blue Danube, bọ́ǹbù átọ́míìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 24, ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Bí ikùn náà bá gba irú ẹrù yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí àwọn tó du B.35/46, ìdíje tó bí àwọn bàálù ajubọ́ǹbù Vulcan àti Victor. AW.56 ti Armstrong Whitworth wà lára àwọn tí kò rọ́wọ́ mú níbẹ̀.

P.1154 ló kàn tí mo fẹ́ tú wò, èyí tí wọ́n fagi lé ní February 1965. Ó yẹ kó gbéra sókè tààrà, kó sì sáré ju ìró lọ. Irú méjì ni wọ́n yà: oníjòókòó kan fún ọmọ ogun òfuurufú, oníjòókòó méjì fún ọmọ ogun ojú omi.