Káàdì Búlúù Kì í Ṣe Owó Ìjọba

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú WhatsApp ẹbí. Ẹnìkan fi fọ́tò mọ́tò wa síbẹ̀, ni wọ́n bá rí káàdì búlúù tó wà níwájú dírẹ́fà, èyí tó ní àwòrán ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí bí ìjọba òyìnbó ṣe ń kẹ́ yín! Ibi tó bá wù yín lẹ ń páàkì sí, wọ́n tún ń sanwó ọmọ fún yín. Tó bá ti gbó, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n gbé e síwájú mọ́tò mi ní Sábó, bóyá àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ l'Ékòó á jẹ́ kí n sinmi." Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi àmì ẹ̀rín síbẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kí ni mo fẹ́ wí? Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Káàdì tí wọ́n ń pè ní Blue Badge yẹn, káàdì páàkì fún aláàbọ̀ ara ni, orúkọ ọmọ mi ló wà lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. AS lèmi, AS ni bàbá rẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde sì ti ń bá a fínra láti kékeré. Ní báyìí ó ti dé egungun itan rẹ̀; ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, egungun náà sì ti ń jẹrà. Kò lo kẹ̀kẹ́ arọ. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí ìjókòó, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú ò nílò kí n ṣàlàyé alẹ́ tí kíráísísì, ìrora fòníkú, bá dé. Ẹ máa wá mọ́tò, ẹ máa wá owó káàdì ilé ìwòsàn, ẹ máa ra síríńjì àti ìbọ̀wọ́, wọ́n lè ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní kí ẹbí wá fún un lẹ́jẹ̀. Ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí kọ́ ni ìṣòro yín, torí mọ́tò onímọ́tò ló gbé yín dé ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, kòròpé la wọ̀ láti Ìgbógbó. Dírẹ́fà gbọ́ igbe ọmọ, ó sọ fún àwọn tó kù nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n má bínú, òun ò ní já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́ títí òun á fi dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Obìnrin kan tó ti kọjá ibi tó ń lọ ló gbé báàgì mi wọlé.

Kì í kúkú ṣe pé a ò lófin. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá ní 2011, òun ló bí LASODA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní 2019, ó sì wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n ya ààyè sọ́tọ̀ fún wọn níbi tí gbogbo ayé ń páàkì sí, kí mọ́tò tó ń gbé wọn sì ní àmì lára. Ṣùgbọ́n láti Àgríìkì dé Ìta Ẹlẹ́wà, mi ò rí ilẹ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà sọ́tọ̀ fún aláàbọ̀ ara rí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ibẹ̀, àbí ẹni tó fún ọmọkùnrin tó ń pariwo "máa bọ̀, máa bọ̀, gé e" ní nǹkan.

Níbí ní Britain, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, òfin rẹ̀ ti wà láti 1970. Kánsù àdúgbò ẹni ló ń fúnni. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó rẹ̀ ò ju £10 lọ, ó lè lò tó ọdún mẹ́ta. Láti oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n ti fi àwọn tí àìsàn wọn ò hàn sójú kún un. Ọmọ tí ìjọba bá ti ń san irú owó ìrànwọ́ kan fún nítorí pé kò lè rìn, ó ti tọ́ sí i nìyẹn, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ta mí. Físà iṣẹ́ la fi wá, wọ́n sì kọ ọ́ sí i gbangba pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Owó ọmọ tí wọ́n ń sọ, inú rẹ̀ ló wà. Owó aláàbọ̀ ara, inú rẹ̀ ló wà. A tún ń san owó ìlera kí wọ́n tó fún wa ní físà: láti oṣù kejì 2024, £1,035 ni fún àgbàlagbà lọ́dún kan, £776 fún ọmọdé, lọ́tọ̀ sí owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù ọkọ mi. Káàdì páàkì kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ò gba owó yẹn, ọ̀nà jíjìn la gbà.

Fọ́ọ̀mù yẹn, mi ò rò pé mo ti kọ ohun tó nira tó bẹ́ẹ̀ rí. Mítà mélòó ni ọmọ lè rìn kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà á? Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá burú jù? Mo jáde síta, mo fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé àpótí lẹ́tà pupa tó wà ní ìkángun àdúgbò, mo sì padà wá kọ ọ́. Mo wá fi kún un pé a dúpẹ́, ó ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nílé wa, tí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ńkọ́, ara rẹ̀ ti le ni, kódà kó máa ké lọ́wọ́ ẹ. Ìyá tó bá ń ka àìsàn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ka gbèsè, àwọn àgbà á ní kó yé fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn ọmọ onífòníkú ka ohun tí mo kọ, ó sì mi orí. Ó ní, "O kọ ọ́ síbí pé ó ti ń gbádùn. Kánsù á bá ẹ yọ̀, wọn ò sì ní fún ẹ ní nǹkan kan." Mo tún un kọ. Mo kọ bó ṣe máa ń bu pílò jẹ kí àbúrò rẹ̀ má bàa jí. Mo kọ ọ́ pé mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo parí, mo gbé ọwọ́ lé orí, mo ní kó má rí bẹ́ẹ̀ lágbára Ọlọ́run, kí n tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́.

Wọ́n ní ká mú un wá kí wọ́n wo ìrìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ìkòròdú: "Ọkọ mi, ọkùnrin ni ẹ́ o. Jẹ́ kí òyìnbó rí i pé ara ẹ le." Ọmọ sì gbọ́ràn sí ìyá àgbà lẹ́nu. Ó na ẹ̀yìn, ó ń yan láti igun yàrá kan dé èkejì, ó tún bi ọkùnrin tó ń wò ó bóyá kí òun sáré. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Títí di ọ̀túnla ni ọmọ ò fi lè sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà dé pé kò tọ́ sí i. A ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, dókítà kọ̀wé nípa egungun itan náà, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fún wa.

Ó wúlò o, mi ò ní purọ́. A lè gbé mọ́tò sójú ìlà yẹ́lò méjì, níbi tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ páàkì sí, fún wákàtí mẹ́ta, tí kò bá ti dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, tí kò sì sí àmì pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù níbẹ̀. Èèyàn á gbé aago páálí kan síwájú mọ́tò, á yí ọwọ́ rẹ̀ sí àkókò tó dé. Fọ́tò ọmọ wà lẹ́yìn káàdì, ojú ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń dà bolẹ̀. Ìyá arúgbó kan rí wa níbi tí ọmọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní àwọn aláìlera ni wọ́n ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún. Mo fi káàdì hàn án. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà ò sì retí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹbí. Ọmọ ló ni káàdì, èmi kọ́, mọ́tò sì kọ́. Tó bá wà nínú mọ́tò, tàbí tí mò ń lọ gbé e, mo lè lò ó. Tí wọ́n bá ti dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, tí mo wá lọ gbé aṣọ rẹ̀ wá láti ilé, tàbí tí mo lọ ra ìrẹsì tó máa jẹ torí pé kò fẹ́ oúnjẹ wọn, káàdì ò ṣiṣẹ́ fún mi mọ́. Ẹni tó bá lò ó lọ́nà àìtọ́, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Ìgbà tí ọmọ ẹni ń ṣàìsàn jù gan-an ni káàdì àìsàn rẹ̀ kò wúlò fún òbí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ètò míì fún irú wa. Òbí tí ọmọ rẹ̀ sùn sílé ìwòsàn, ọ̀fẹ́ ni páàkì fún un láti aago méje ààbọ̀ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Ẹni tó bá ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan, tó sì tó oṣù mẹ́ta tó ti ń wá, ọ̀fẹ́ ni fún òun náà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tèmi, nítorí náà a ò sí níbẹ̀. Ní Wales àti Scotland, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kì í sábà gbowó páàkì rárá, àmọ́ iṣẹ́ ọkọ mi ò sí lọ́hùn-ún. Ilé ìwòsàn míì ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ fún àwọn òbí, èèyàn á kàn béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni, ẹnì kankan ò ní wá sọ ọ́ fún ọ.

Nítorí náà, tó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ lù, tí ọ̀fẹ́ fẹ́ parí, ẹ máa rí àwọn ìyá tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Sílípáàsì lẹ́sẹ̀, hẹ́ńnẹ́ẹ̀tì lórí, foonu tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán lọ́wọ́. A tò sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń san owó páàkì nínú òtútù. Ọ̀kan ò bi èkejì pé ọmọ ńkọ́. Obìnrin ará Ghana kan máa ń mi orí sí mi, èmi náà á mi orí sí i, a ti ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ kọjá ìyẹn. Èmi tí mo ti Ìkòròdú wá, níbi tí gbogbo wọ́ọ̀dù á ti mọ genotype ọmọ rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ìyá kan á ti bù ọ́ ní ẹ̀kọ nínú tirẹ̀! Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru, àbúrò ọmọ mi kékeré wà lọ́dọ̀ ẹni tí à ń sanwó fún ní wákàtí wákàtí. Mo ti jókòó sínú mọ́tò rí, mo yọ káàdì yẹn wò, mo rò ó pé wọ́n ṣètò ibi tí mọ́tò máa wà tán, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣètò láti bá mi jókòó.

Síbẹ̀, mi ò ní mú ọmọ padà wálé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé bí ìyà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò wálé? Ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Oṣù dé, ẹ̀jẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó ní ká lọ wá ẹni tó máa fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mò ń bá jà nínú ọkàn mi yìí, àwọn náà ti na apá fún ọmọ yìí rí, lóru, pẹ̀lú gbogbo ariwo wọn. Mi ò gbàgbé. Àmọ́ apá ẹbí mélòó ni ká máa gún lóṣooṣù títí ọmọ á fi dàgbà? Àwọn tó bá lè sọ fún mi, kí wọ́n sọ ọ́.

Màmá ní ká wá ṣọdún nílé, àwọn fẹ́ ro ìkọ́kọrẹ́ fún ọkọ àwọn, kó sì pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn títí ìsinmi iléèwé á fi parí. Bí a bá máa wá, àárín ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan sí òmíràn la máa wá, a ò sì ní pẹ́. Mo ti ní kí ọkọ mi bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọ́n á ní ìyàwó ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn wálé.