Eyín Implant Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́wàá

Láti ìgbà tí mo ti kó padà sí Ìbàdàn láti London, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí nípa eyín tí wọ́n gbìn sí mi lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń pè ní implant: "Ṣé ó máa ń pẹ́?" Ó ń pẹ́ o. Mo ti lo tèmi kọjá ọdún mẹ́wàá, mo sì ń fi í jẹ ẹran ògúnfe. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ò tíì gbọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún ni Gösta Larsson, ará Sweden. Ní 1965 ni dókítà Per-Ingvar Brånemark gbin irin títáníọ̀mù sí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀. Larsson kú ní 2006, ó sì lo eyín yẹn títí tó fi kú. Brånemark ò tiẹ̀ wá eyín lọ níbẹ̀rẹ̀. Ní 1952, ó ń wo bí egungun ehoro ṣe ń sàn, ó wá fẹ́ yọ títáníọ̀mù tó fi síbẹ̀, kò yọ mọ́. Egungun ti dì mọ́ ọn. Ohun tó di tèmi mú náà nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kéèyàn dúró bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbé eyín lé irin lórí.

Eyín oníwáyà ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tí à ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Bí mo bá lọ òde ìnáwó, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jẹun. Ìyẹn ti tán.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Eyín àdámọ́ ní awọ tín-ín-rín láàárín òun àti egungun, awọ yẹn ló ń jẹ́ ká mọ bí a ṣe tẹ nǹkan tó. Implant ò ní in. Bí òkúta bá wà nínú ẹ̀wà tí mo fi eyín àdámọ́ rún un, kíá ni màá ṣíwọ́. Tó bá jẹ́ implant ló bá pàdé, etí mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, "kàà!", kí ara mi tó mọ̀. Nítorí náà, n kì í fi í fọ́ egungun.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń jẹ ẹ̀pà yíyan, mo rí i pé eyín náà ń mì. Àyà mi já. Dókítà tó yẹ̀ mí wò, ọmọdébìnrin tó ní sùúrù, fi irin kékeré kan tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó ya ẹ́síréè, ó ní: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Eyín tó wà lórí irin ló ń mì, irin inú egungun ò mira rárá. Síkúrúù tó so wọ́n pọ̀ ló tú." Ó ní tó bá jẹ́ irin inú egungun fúnra rẹ̀ ló ń mì, yíyọ ni wọn ì bá yọ ọ́.

Ó wá bi mí pé irú èwo ni. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní síkúrúù tirẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń yí i, ti ẹnì kan lè má wọ ti ẹlòmíì. Mo yọ káàdì kékeré tí wọ́n fún mi ní London jáde nínú páálí pásípọ́ọ̀tù mi: orúkọ ilé iṣẹ́, bó ṣe gùn àti bó ṣe nípọn, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà lára sítíkà. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní àwọn tó ń ti òkè òkun dé láìní káàdì máa ń pọ̀, ẹ́síréè ni àwọn fi ń méfò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba káàdì yẹn.

Ohun tó ń mú implant jáde lẹ́nu lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹran ìdí eyín ni. Kòkòrò ò lè jẹ irin, àmọ́ ìdọ̀tí lè kó sídìí rẹ̀, ẹran á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun á sì máa jẹ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni, òun ló jẹ́ kó léwu. Pákò nìkan ò tó o: mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan fọ àlàfo ìdí rẹ̀ lálaalẹ́, mo sì ń lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Sìgá àti àtọ̀gbẹ tí a ò káwọ́ máa ń dá kún un.

Àbúrò mi ní Òṣogbo ń fẹ́ ṣe é báyìí, ó sì ní àtọ̀gbẹ. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ ṣúgà wò. Ó lọ, ó ṣì ga. Dókítà rẹ̀ ní kí wọ́n mú un wálẹ̀ ná, kó tó lọ bá oníṣègùn eyín.