Ògún tó sọnù sínú kátálọ́ọ̀gì

Ọmọ Òǹdó ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà. Ó ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé wa ní Àkúrẹ́ kó tó wá bá mi. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Wọ́n ní iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan wà níbí lórí Ọdún Ògún ìlú wa, mi ò rí i." Ó wà lóòótọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Nígbà tí mo fà á yọ, ojú rẹ̀ bọ́ sórí kókó-ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀: Fetishism, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tàbùkù ẹ̀sìn ìbílẹ̀. "Mà, alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Ohun tí ẹ ń pe ìsìn wọn nìyí?"

Ojú tì mí. Ohun tí mo bá lára káàdì àtijọ́ ni mo dà kọ, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò tí à ń lò láti fi to ìwé kì í kúkú ṣe tiwa. Nínú Dewey, tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí, Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristẹni ló gba 220 títí dé 289, inú 299.6 ni ẹ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà há sí. Library of Congress, ilé-ìkàwé ńlá Amẹ́ríkà tí à ń lo àkójọ kókó-ọ̀rọ̀ rẹ̀, ń fi "African people" ti orúkọ Yorùbá lẹ́yìn, àfi bíi pé Yorùbá mìíràn wà ní Jámánì! N kò lè jókòó sí Àkúrẹ́ kí n yí ìyẹn padà. Àmọ́ nínú MARC, ìlànà tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ìlà 653 wà, tí kò ní ká tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni mò ń kọ orúkọ tí àwọn tó ni nǹkan fi ń pè é.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má fojú kékeré wo àmì ohùn o. Ọmọ á wá Ògún, ogun abẹ́lé, pínpín ogún àti odò Ògùn ni yóò máa yọ sí i. Bí àkọlé bá ní àmì lójú ìwé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìlà 245, tó wà fún àkọlé, kí ẹ tún kọ ọ́ láìlámì sí 246, tó wà fún ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ àkọlé, torí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í fi àmì tẹ nǹkan lórí fóònù. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ́: Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù nínú kọ̀ǹpútà, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún un. Ẹnìkan á tẹ ẹ kó tó fi àmì lé e, ẹlòmíràn á tẹ é kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú wa rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà lè rí méjì. Kí gbogbo yín lo kíbọ́ọ̀dù kan náà.

Mo bẹ ọmọ náà kó jókòó tì mí, ká jọ wo àwọn àkọsílẹ̀ Òǹdó yòókù. Kò pẹ́ tó fi rí òmíràn: ìlú Òǹdó àti Ìpínlẹ̀ Òǹdó, mo ti pò wọ́n pọ̀. A ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀.